Ojú Àpá àti Ojú Ara: Ìtàn Iṣẹ́ Àtúnṣe Imú láti Íńdíà dé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé, "Ojú àpá kò lè jọ ojú ara." Nígbà tí ọ̀rẹ́ méjì bá jà tí wọ́n sì parí ìjà ni a sábà máa ń gbọ́ òwe náà, ṣùgbọ́n kí ó tó di ọ̀rọ̀ ìjà àti ìrẹ́pọ̀, ọ̀rọ̀ awọ ara ni ó kọ́kọ́ jẹ́. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe náà ti wo ọgbẹ́ tí ó jinná dáadáa. Ó ti rí i pé ibi tí abẹ bá ti kọjá kì í tún dán bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Olóólà ilẹ̀ Yorùbá mọ òtítọ́ yìí, orí rẹ̀ ni ó sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ kà. Bí ó bá ṣe pé ojú àpá lè jọ ojú ara ni, àbàjà kì bá tí hàn, pélé kì bá tí hàn, a kì bá sì ti fi ilà mọ ará Ọ̀yọ́ yàtọ̀ sí ará Oǹdó.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn wà láyé tí ó jẹ́ òdìkejì iṣẹ́ olóólà. Olóólà ń ṣá ojú tí ó dán kí àpá lè hàn níbẹ̀; àwọn oníṣẹ́ kejì yìí ń mú ojú tí ó ti bàjẹ́, wọ́n sì ń wá ọ̀nà tí àpá yóò fi súnmọ́ ara. Iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara ni à ń pè é. Ọmọ tí a bí pẹ̀lú ètè lílà, ẹni tí iná jó, ẹni tí ìbọn tàbí idà ba ojú rẹ̀ jẹ́, gbogbo wọn ni ó ń wá a lọ. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá gbọ́ nípa iṣẹ́ náà, wọn a rò pé ọmọ àná ni, pé inú ilé ìwòsàn ńlá àwọn òyìnbó ni a bí i sí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ti dàgbà ní Íńdíà kí ó tó dé Ìlú Ọba. Ọwọ́ ọkùnrin kan tí ó ti ìdílé àwọn amọbíríkì wá ni àwọn dókítà Gẹ̀ẹ́sì sì ti rí i. Bí ọgbọ́n náà ṣe rìn, àti ohun tí ó sọnù lójú ọ̀nà, ni àpilẹ̀kọ yìí yóò tọ̀.

Ìdí tí ó fi jẹ́ imú

Nínú èdè Yorùbá, ojú ni a fi ń ríran, ojú náà ni orúkọ gbogbo ibi tí ó wà láti iwájú orí títí dé àgbọ̀n, inú ojú yìí kan náà ni ìtìjú sì ń gbé. Ojú a máa ti ènìyàn. Ojú ẹni a máa wálẹ̀ láwùjọ. Àárín gbùngbùn ojú yìí ni imú wà. Ẹni tí etí rẹ̀ gé lè fi gèlè tàbí fìlà bò ó. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gé lè fi apá agbádá bò ó. Ẹni tí imú rẹ̀ gé, kí ni yóò fi bò ó?

Àwọn ọba ayé àtijọ́ mọ èyí, nítorí náà ni wọ́n ṣe sọ imú gígé di ìyà. Ní Íjíbítì, ní nǹkan bí 1300 ọdún ṣáájú ìbí Jésù, Fáráò Horemheb ṣe òfin pé kí a gé imú àwọn ìránṣẹ́ ọba tí wọ́n bá fi agbára gba ohun ìní aráàlú. Ní ìlú Constantinople, ní 695, àwọn ọlọ̀tẹ̀ gé imú Ọba Justinian Kejì kí ó má baà lè jọba mọ́, nítorí ìgbàgbọ́ wọn ni pé ẹni tí ara rẹ̀ kò pé kò yẹ lórí ìtẹ́. Ọba náà kò gbà fún wọn. Ó padà wá gba ìtẹ́ rẹ̀ ní 705. Ní Íńdíà pẹ̀lú, a máa ń gé imú olè, a máa ń gé imú ẹni tí a bá ká mọ́ àgbèrè, a sì máa ń gé imú ẹni tí ogun bá mú. Yorùbá ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ẹni tí ó ń gé imú ẹlòmíràn mọ òwe yìí ní tirẹ̀: kò fẹ́ kí ọ̀tá rẹ̀ kú, ó fẹ́ kí ó wà láàyè nínú ẹ̀sín.

Níbi tí irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ti pọ̀, kò lè ṣe kí àwọn kan má wá ìwòsàn rẹ̀.

Ìwé Sushruta

Ìwé ìṣègùn kan wà ní èdè Sanskrit tí à ń pè ní Sushruta Samhita. Ọwọ́ púpọ̀ ni ó fi kún un láàárín ọ̀rúndún mélòó kan, nítorí náà àwọn onímọ̀ kò fi ohùn ṣọ̀kan lórí ọdún tí a kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti lé ní 1,500 ọdún dáadáa. Nínú ìwé yìí ni a ti rí ọ̀nà tí a fi ń tún imú ṣe. Oníṣègùn yóò já ewé kan, yóò gé e kí ó bá ibi tí imú ti gé mu. Yóò fi ewé náà wọn awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́, yóò sì bó abala awọ kan tí ó tó o, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí ó já tán. Yóò fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kí ó so mọ́ ara. Lẹ́yìn náà ni yóò ha ojú àpá imú kí ẹ̀jẹ̀ lè tún yọ níbẹ̀, yóò yí abala awọ náà wá, yóò sì dè é mọ́ ibẹ̀ kíákíá. Yóò ki ihò méjì bọ inú rẹ̀, èyí tí a fi igi làrà ṣe, kí aláìsàn lè máa mí, kí imú tuntun náà má sì ṣe wó. Yóò bu ẹ̀bu oògùn lé e, yóò fi òwú bò ó, yóò sì máa kán òróró yànmọ̀tí sí i.

Ohun tí ó jinlẹ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ìdí awọ tí a kò gé. Awọ tí a bá já kúrò lára pátápátá kì í rí ẹ̀jẹ̀ mu mọ́, bí ó bá sì nípọn, yóò kú bí ewé tí a já lórí igi. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò máa gba ibẹ̀ wọ inú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ ṣe ń gba inú iwọ́ dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú oyún, títí tí awọ náà yóò fi ta gbòǹgbò sí ibùgbé rẹ̀ tuntun. Ó di 1628 kí William Harvey tó tẹ ìwé tí ó fi hàn àwọn ará Yúróòpù pé ẹ̀jẹ̀ ń yí po nínú ara. Àwọn oníṣègùn Íńdíà kò mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí po, síbẹ̀ wọ́n mọ ohun tí kò gbọdọ̀ já. Ìmọ̀ ọwọ́ ti ṣáájú ìmọ̀ ìwé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Bologna

Kì í ṣe Íńdíà nìkan ni a ti gbìyànjú rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ìdílé kan tí ń jẹ́ Branca wà ní Catania, ní erékùṣù Sicily, tí ń tún imú ṣe. Baba ń lo awọ ojú; ọmọ rẹ̀, Antonio, bẹ̀rẹ̀ sí lo awọ apá kí ó má baà fi àpá kún àpá lójú ẹni. Iṣẹ́ ìdílé ni, wọn kò sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Lẹ́yìn wọn, ìdílé Vianeo ní Tropea, ní gúúsù Ítálì, náà tún ń ṣe é.

Ẹni tí ó sọ ọ́ di ìwé ni Gaspare Tagliacozzi, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Bologna. Ní 1597 ni ó tẹ ìwé ńlá rẹ̀ jáde ní Venice, pẹ̀lú àwòrán. Ó ń bó awọ ní apá òkè, yóò fi ìdí kan sílẹ̀, yóò sì so apá náà mọ́ orí pẹ̀lú aṣọ tí a rán fún iṣẹ́ náà, kí awọ lè kan ibi tí imú wà. Bẹ́ẹ̀ ni aláìsàn yóò wà fún nǹkan bí ogún ọjọ́, apá rẹ̀ yóò wà lókè, ojú rẹ̀ yóò wà nínú ìgbọ̀nwọ́, títí awọ yóò fi mú. Inú iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó ti mú orúkọ iṣẹ́ náà, nítorí pé ó jọ bí a ṣe ń lọ́ ẹ̀ka igi kan mọ́ igi mìíràn. Kò sì fi ẹwà nìkan ṣe ìdí iṣẹ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé ọkàn ẹni tí ó ń jìyà ni òun fẹ́ gbé dìde ju pé kí òun mú inú àwọn awòran dùn.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1599, iṣẹ́ náà rẹ̀yìn ní Yúróòpù. Àwọn ènìyàn sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní ara ẹrú ni a ti ń gé imú tuntun náà, àti pé bí ẹrú bá kú níbi tí ó wà, imú yóò jábọ́ lójú olówó rẹ̀. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n ó pẹ́ lẹ́nu aráyé. Fún nǹkan bí igba ọdún, àwọn ilé ẹ̀kọ́ Yúróòpù fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tí wọ́n ti mọ̀.

Amọbíríkì ìtòsí Poona

Ní Íńdíà, wọn kò gbàgbé. Ní ẹkùn Kangra, lẹ́sẹ̀ òkè Himalaya, àwọn ìdílé kan wà tí baba ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ náà láti ìran dé ìran. Wọ́n wà ní ẹkùn Maratha pẹ̀lú, níhà ìwọ̀-oòrùn, ibẹ̀ ni ojú àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ti là sí i.

Ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún, Ilé-iṣẹ́ Ìṣòwò Ìlà-Oòrùn Íńdíà ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń bá Tipu Sultan, ọba Mysore, jagun. Ogun wọn ẹlẹ́ẹ̀kẹta bẹ̀rẹ̀ ní 1790, ó sì parí ní 1792. Lára àwọn tí ń bá ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì rìn ni ọkùnrin Maratha kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Cowasjee. Kì í ṣe ológun. Màlúù tí ń fa ẹrù ni ó ń dà. Àwọn ènìyàn Tipu mú un, wọ́n gé imú rẹ̀, wọ́n sì gé ọwọ́ rẹ̀ kan. Ó padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ-ogun Bombay, Ilé-iṣẹ́ náà sì ń fún un ní owó ìtọ́jú. Nǹkan bí ọdún kan ni ó fi wà láìní imú. Lẹ́yìn èyí ni ó tọ ọkùnrin kan lọ nítòsí Poona, tí ó ti inú ìdílé àwọn tí ń mọ bíríkì wá.

Ọ̀nà tí ọkùnrin náà gbà ṣe é nìyí. Ó mú ìda oyin, ó tẹ̀ ẹ́ kí ó fẹ́lẹ́, ó sì mọ ọ́n mọ́ ojú ibi tí imú ti gé títí ó fi rí bí imú. Ó wá tẹ́ ìda náà pẹrẹsẹ lé iwájú orí Cowasjee, ó fi ìlà yí i ká, ó sì gbé e kúrò. Ó bó awọ tí ó wà nínú ìlà náà, ṣùgbọ́n ó fi ìdí tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ láàárín ojú méjèèjì. Ó ha àpá imú àtijọ́ títí tí ó fi di ọgbẹ́ tuntun, ó la ojú ọ̀nà yí i ká, ó lọ́ awọ iwájú orí náà yí kí inú rẹ̀ má baà di òde, ó sì ki etí rẹ̀ bọ inú ojú ọ̀nà tí ó ti là. Kò lo abẹ́rẹ́ àti okùn. Oje igi kan tí ó fi omi rọ̀ ni ó fi pa aṣọ pélébé márùn-ún tàbí mẹ́fà, tí ó sì tò wọ́n léra wọn lórí ibi tí ó so pọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi kàn án. Lẹ́yìn èyí ó yọ wọ́n, ó sì ń fi aṣọ tí a rì bọ inú òrí wàrà màlúù bò ó. Ní ọjọ́ kẹwàá, ó ki aṣọ rírọ̀ bọ ihò imú kí wọ́n má baà dí. Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, nígbà tí imú tuntun ti ń mu ẹ̀jẹ̀ láyè ara rẹ̀, ó gé ìdí awọ náà.

Ẹni tí ó bá fi èyí wé ìwé Sushruta yóò rí i pé ọmọ ti kọjá baba níbi kan: awọ iwájú orí ti rọ́pò awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Awọ iwájú orí nípọn díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ súnmọ́ ti imú, iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó lágbára sì ń gba àárín ojú méjèèjì gòkè lọ sínú rẹ̀. Ibi tí ọkùnrin náà fi sílẹ̀ láìgé gan-an ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ Gẹ̀ẹ́sì méjì, tí Thomas Cruso jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, wò ó bí ó ti ń ṣe é. Ní oṣù kìíní ọdún 1794, James Wales, ayàwòrán ará Scotland, ya àwòrán Cowasjee pẹ̀lú imú rẹ̀ tuntun. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ìwé ìròyìn Gentleman's Magazine ti Lọ́ńdọ̀nù tẹ lẹ́tà kan tí ó ròyìn gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tí ó kọ lẹ́tà náà jẹ́rìí pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun ní Íńdíà, pé ó sì máa ń yọrí sí rere.

Ìròyìn náà dárúkọ adamàlúù. Ó dárúkọ àwọn dókítà tí ó dúró wòran. Orúkọ ayàwòrán kò sọnù. Orúkọ ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ imú náà nìkan ni kò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ ni a fi pè é, ó tán.

Carpue ní Lọ́ńdọ̀nù

Lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ lọ́kàn ni Joseph Constantine Carpue, oníṣẹ́ abẹ àti olùkọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó wádìí lọ́wọ́ àwọn tí ó ti Íńdíà dé, ó sì fi òkú kọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 1814, ogún ọdún lẹ́yìn tí lẹ́tà náà jáde, ó rí ẹni tí ó gbà láti fi ara rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá ọmọ-ogun kan ni, tí oògùn tí a fi makúrì ṣe, èyí tí ó ń lò fún àrùn ẹ̀dọ̀, ti jẹ imú rẹ̀ lọ. Kò tíì sí oògùn akunilóorun nígbà náà. Ó di oṣù kẹwàá ọdún 1846 kí a tó fi ether hàn níta gbangba ní Boston, ní Amẹ́ríkà. Ojú ọ̀gá ọmọ-ogun náà là kedere bí abẹ ti ń ya awọ iwájú orí rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta tí a tú ọgbẹ́ náà wò, awọ náà ti mú, imú sì wà níbẹ̀.

Ẹni kejì tí Carpue tọ́jú ni Matthew Latham. Ní ogun Albuera, ní ilẹ̀ Sípéènì, ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún ọdún 1811, Latham kò jẹ́ kí ọ̀tá gba àsíá ẹgbẹ́ ọmọ-ogun rẹ̀. Idà gé apá rẹ̀ kan, ó sì gé imú àti apá kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ní 1816, Carpue tẹ ìròyìn àwọn iṣẹ́ méjèèjì jáde, kò sì fi pamọ́ pé ọgbọ́n Íńdíà ni. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn kálẹ̀. Carl Ferdinand von Graefe ní Berlin tẹ ìwé tirẹ̀ lórí imú ní 1818. Ní 1869, Jacques-Louis Reverdin fi hàn ní Paris pé awọ tí ó fẹ́lẹ́ gan-an lè mú níbi tuntun bí a tilẹ̀ já a kúrò lára pátápátá, nítorí pé ó fẹ́lẹ́ tó láti fa oúnjẹ láti inú ọgbẹ́ tí a gbé e lé.

Síbẹ̀ àléébù kan wà. Imú tí a mọ ní ọ̀nà Poona dára lóde, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ jẹ́ ọgbẹ́ lásán, kò sì ní eegun tí yóò gbé e ró. Bí inú náà ti ń jinná ni ó ń di àpá, àpá a sì máa sún kì. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, imú a máa kéré, a máa wọlé. Ojú àpá ti padà wá gba ipò rẹ̀.

Sidcup

Ogun ni ó tún pe iṣẹ́ náà síwájú. Nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, inú yàrà ni àwọn ọmọ-ogun ń gbé. Orí ni ó ń yọ lókè yàrà, orí náà ni ọta àti àfọ́kù irin sì ń bá. Harold Gillies, tí a bí ní Dunedin, ní New Zealand, ní 1882, jẹ́ oníṣègùn etí, imú àti ọ̀fun. Ní 1915 ó lọ sí Faransé, ó rí bí àwọn kan ti ń gbìyànjú láti tún àgbọ̀n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe, ó sì bẹ àwọn ọ̀gá ológun títí wọ́n fi fún un ní àyè ní ilé ìwòsàn ológun ti Aldershot ní 1916. Nígbà tí ogun Somme bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje, 200 ibùsùn ni wọ́n ti pèsè sílẹ̀ fún àwọn tí ojú wọn bá bàjẹ́. Àwọn tí ó dé lé ní 2,000. Ní 1917 a ṣí ilé ìwòsàn tuntun fún un ní Sidcup, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọkùnrin tí a tọ́jú níbẹ̀ lé ní 5,000, iye ìgbà tí a sì fi abẹ kàn wọ́n lé ní 11,000.

Bí ojú ti ń ti ènìyàn ní Ìbàdàn ni ó ń tì í ní Sidcup. Wọn kì í gba dígí láàyè ní yàrá àwọn aláìsàn. Lójú ọ̀nà tí ó lọ sí ìlú, wọ́n kun àwọn ìjókòó kan ní àwọ̀ búlúù, kí aráàlú lè mọ̀ pé ẹni tí ó bá jókòó síbẹ̀ lè jẹ́ ẹni tí ojú rẹ̀ yóò dẹ́rù bà wọ́n. Henry Tonks, oníṣẹ́ abẹ tí ó di olùkọ́ àwòrán, ń ya ojú àwọn ọkùnrin náà kí abẹ tó kàn wọ́n àti lẹ́yìn náà. Àwòrán wọ̀nyí wà títí di òní, ìwo tí àwọn ọkùnrin náà ń wo ni níbẹ̀ kì í ṣe ìwo ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀ fún àánú.

Gillies padà sí ọ̀nà Íńdíà, ṣùgbọ́n ó rí ohun tí ó ń ba imú náà jẹ́. Aṣọ tí a kò tẹ́ inú rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó fún. Imú gbọ́dọ̀ ní inú, ó gbọ́dọ̀ ní òpó, ó sì gbọ́dọ̀ ní òde. Ó ń fi awọ ṣe inú, ó ń gba eegun rírọ̀ lábẹ́ ìhà fi ṣe òpó, ó sì ń fi awọ iwájú orí bò ó. Ìgbà kan wà tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀dọ́ ọ̀gá ọmọ-ogun kan, tí imú náà wú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń fi í rẹ́rìn-ín pé ẹnu ẹranko ni ó mọ. Ó ní sùúrù. Ìwú náà rọlẹ̀, ó gé ohun tí ó pọ̀ jù kúrò, ojú ọkùnrin náà sì padà di ojú tí a lè gbé lọ sí àwùjọ.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 1917, ó ń tọ́jú Willie Vicarage, atukọ̀ ogun tí iná jó ní ogun ojú omi Jutland ní ọdún tí ó ṣáájú. Ó bó abala awọ gígùn ní àyà rẹ̀ láti gbé e lọ sójú. Ó ṣàkíyèsí pé etí awọ náà ń ká wọnú fúnra rẹ̀. Ó wá rán etí méjèèjì pọ̀ títí ó fi di bí ọ̀pá ihò. Ọgbẹ́ inú awọ kò sí lójú afẹ́fẹ́ mọ́, ìdọ̀tí kò rí ọ̀nà wọlé, ẹ̀jẹ̀ sì ń sàn nínú rẹ̀ dáadáa. Ohun ńlá ni èyí jẹ́ ní ìgbà tí kò tíì sí pẹnisílínì. A lè so irú okùn awọ bẹ́ẹ̀ láti ikùn mọ́ ọrùn ọwọ́, kí a sì fi ọwọ́ gbé e dé ojú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní Odessa, Vladimir Filatov ti ṣe irú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kìíní gbúròó ẹnì kejì.

Ìṣòro mìíràn ni ti oògùn akunilóorun: ibi tí oníṣẹ́ abẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ ni ìbòjú oògùn wà. Ní Sidcup, lẹ́yìn ogun, Ivan Magill àti Stanley Rowbotham mú ọ̀nà fífi ihò rọ́bà bọ ọ̀nà ọ̀fun lọ dé inú ọ̀nà èémí dára sí i, ọ̀nà kan náà ni à ń gbà ní yàrá iṣẹ́ abẹ káàkiri ayé lónìí. Gillies kọ ohun tí ó mọ̀ sínú ìwé ní 1920. Nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ìbátan rẹ̀, Archibald McIndoe, tí òun náà jẹ́ ọmọ Dunedin, fi ọgbọ́n yìí tọ́jú àwọn awakọ̀ òfuurufú tí iná jó ní East Grinstead. Ní 1941 àwọn aláìsàn rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n fi ara wọn ṣe ẹ̀fẹ̀, wọ́n sì ń jáde lọ sí ìlú láìbo ojú. Ẹgbẹ́ náà tó ọmọ ẹgbẹ́ 649.

Ohun tí ó kàn wá

Ilẹ̀ Nàìjíríà kò sí lẹ́yìn ìtàn yìí. Àwọn ọmọ-ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni a kọ́kọ́ dá ilé ìwòsàn eegun ti Igbobi sílẹ̀ fún ní Èkó, lónìí ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí a ń gbé ẹni tí iná jó lọ. Ní àríwá, àrùn noma ń jẹ ètè, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti imú àwọn ọmọdé tí kò rí oúnjẹ tí ó péye jẹ, pàápàá àwọn tí ó wà láàárín ọmọ ọdún méjì sí mẹ́fà, tí àrùn bí i èéyi bá ti kọ́kọ́ rẹ̀ wọ́n sílẹ̀. Bí a bá tètè rí i, oògùn lásán lè dá a dúró. Bí ó bá pẹ́, ọ̀pọ̀ ni ó ń kú, èyí tí kò bá sì kú ń gbé nínú ìfarapamọ́. A ṣí ilé ìwòsàn fún wọn ní Sókótó ní 1999. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kà á mọ́ àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí a pa tì. Abala awọ tí a yí láìjá ìdí rẹ̀, ọgbọ́n Sushruta àti ti amọbíríkì, wà lára ohun tí a fi ń dá ojú padà fún àwọn ọmọ wọ̀nyí.

Ó yẹ kí òpìtàn Yorùbá dúró díẹ̀ níbi orúkọ tí kò sí nínú lẹ́tà 1794 náà. Kì í ṣe pé a fi ibi ṣú amọbíríkì náà. Àwọn tí ó kọ ìwé kàn rò pé ọgbọ́n tí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí kò kàwé, ti gbogbo ayé ni, kò nílò orúkọ. Àwa náà ní olóólà, a ní àwọn tí ń to eegun. Olóólà mọ bí awọ ti nípọn tó níbi kọ̀ọ̀kan lójú. Ó mọ ibi tí abẹ kò gbọdọ̀ kọjá. Ó mọ bí omi ìgbín ti ń tu ọgbẹ́ lára. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ti ka kíkọ ilà sára ọmọdé léèwọ̀, kò sì sí ẹni tí ó ní ká dá a padà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ lè kásẹ̀ nílẹ̀ kí ìmọ̀ inú rẹ̀ má kásẹ̀ nílẹ̀, bí ẹnì kan bá kọ ọ́ sílẹ̀, tí ó sì kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ mọ́ ọn. Àwọn àgbà olóólà díẹ̀ ṣì wà ní àwọn ìlú wa. Olùkọ́ tí ó bá rán ọmọ ilé-ìwé pẹ̀lú ìwé àti gègé sí ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú wọn ti ṣe iṣẹ́ tí àwọn dókítà Bombay kò rántí ṣe.

Ní ti òwe àwọn àgbà, kò tíì sí ẹni tí ó borí rẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ tí ó mọṣẹ́ jù lọ láyé yóò jẹ́wọ́ pé òun kò lè pa àpá rẹ́. Òun kàn lè yí i padà, kí òun gbé e lọ síbi tí awọ ti ń ṣẹ́ po, kí òun dá a dúró kí ó má baà fa ara mọ́ra. Ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Ṣùgbọ́n ọdún kan gbáko ni Cowasjee fi rìn láìní imú kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin ìtòsí Poona náà, ojú àpá ni ó sì fi gba ojú ènìyàn padà.